Orí Keje: Bakitéríà Inú Ilẹ̀ Dídì

Ilẹ̀ tí ọkọ́ kò ràn

Ní àríwá Rọ́ṣíà, ní àríwá Kánádà àti ní Alaska, ilẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá sọ ọkọ́ lù ú, ńṣe ni ọkọ́ yóò ta padà. Òkúta kọ́. Erùpẹ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ ti dì, ó sì ti so yanrìn, amọ̀ àti gbòǹgbò ewéko àtijọ́ pọ̀ gbagidi. Ilẹ̀ tó bá wà ní 0°C tàbí tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọdún méjì léraléra láìyọ́ ni a ń pè ní ilẹ̀ dídì. Ọdún méjì yìí ni òdiwọ̀n tó kéré jù. Ní Sàìbéríà, ibì kan wà tí ilẹ̀ ti dì láti nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, ibòmíràn sì wà tí a ó gbẹ́ ju 1,000 mítà lọ kí a tó kan ibi tí kò dì. Ìpele òkè pátápátá nìkan ló máa ń yọ́ fún oṣù díẹ̀ nígbà ooru wọn, kó tó tún dì padà.

Ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé ohunkóhun tó bá há sínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti kú pátápátá. David Gilichinsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pushchino, ìlú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí kò jìnnà sí Moscow, wà lára àwọn tó yí èrò náà padà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀ dídì Sàìbéríà, pàápàá lágbègbè odò Kolyma, kí Gilichinsky tó kú lọ́dún 2012. Nínú gíráàmù kan ṣoṣo erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀, iye sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń rí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 100,000 títí dé 100 mílíọ̀nù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló wà láàyè. Àmọ́ nígbà tí wọ́n kó wọn dé yàrá àyẹ̀wò, tí wọ́n fún wọn lóúnjẹ, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i.

Ohun tí orí yìí fẹ́ ṣàlàyé ni bí èyí ṣe ṣeé ṣe, àti ohun tí ọmọ aráyé lè rí lò níbẹ̀.

Afẹ́-òtútù àti afaradà-òtútù

Lọ́dún 1975, Richard Morita, onímọ̀ nípa bakitéríà ní Amẹ́ríkà, fún wa ní òdiwọ̀n tí a ṣì ń lò títí di òní. Bakitéríà afẹ́-òtútù ni èyí tí ara rẹ̀ yá jù ní 15°C tàbí sísàlẹ̀ rẹ̀, tí kì í dàgbà mọ́ bí ooru bá ti kọjá 20°C, tó sì lè dàgbà ní 0°C. Afaradà-òtútù náà lè dàgbà ní 0°C, ṣùgbọ́n ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló wù ú jù. Ó ń fara da òtútù ni, kò yàn án láàyò.

Ẹ ó rò pé afẹ́-òtútù ni yóò pọ̀ jù nínú ilẹ̀ dídì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òkun jíjìn àti omi abẹ́ yìnyín ni afẹ́-òtútù gidi ti pọ̀, nítorí pé òtútù ibẹ̀ kì í yí padà láti ọdún dé ọdún. Erùpẹ̀ kò ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn. Kí ó tó di ilẹ̀ dídì, ó ti wà lókè rí, tí oòrùn ń pa á nígbà ooru, tí yìnyín sì ń bò ó nígbà òtútù. Bakitéríà tí kò bá lè gba méjèèjì mọ́ra kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń rí nínú ilẹ̀ dídì fi jẹ́ afaradà-òtútù.

Afaradà-òtútù kò jìnnà sí ilé wa rárá. Àwọn ni wọ́n ń mú kí ẹja tó ti wà nínú fìríìjì fún ọ̀sẹ̀ kan máa yọ̀, kó sì máa rùn, bí iná kò tilẹ̀ lọ rí láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Kódà, ara ẹja ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú wọn: lọ́dún 1887, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Forster ròyìn bakitéríà tó rí lára ẹja tí wọ́n tọ́jú pa mọ́, tó sì ń dàgbà ní 0°C. Ẹ fi sọ́kàn pé fìrísà kì í pa bakitéríà inú ẹja tàbí ẹran tán. Ó ń dá a dúró ni, bí ẹja bá sì yọ́, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ padà.

Òùngbẹ ló ń pa sẹ́ẹ̀lì

Ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó jù nínú orí yìí ni pé òtútù fúnra rẹ̀ kọ́ ni olórí ọ̀tá sẹ́ẹ̀lì. Àìrí omi lò ni. Bí omi bá ń dì, omi nìkan ni yìnyín ń gbà sára. Ó ń ti iyọ̀ sẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀, omi ìwọ̀nba tí kò tíì dì á di omi iyọ̀ tó le gan-an, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà á rún jọ. Bí yìnyín bá wá dì nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an, ẹnu rẹ̀ tó mú á gún awọ rẹ̀ lu.

Níbo ni bakitéríà ti wá ń rí omi nínú ilẹ̀ tó le bí àpáta? Ibi méjì ni. Èkíní, omi tó fà mọ́ ara hóró amọ̀ kì í tètè dì. Ó fẹ́lẹ́ débi pé ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n ó ń ṣàn, ó sì ń gbé oúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Èkejì ni omi iyọ̀. Omi tí iyọ̀ ọbẹ̀ bá kún inú rẹ̀ débi tí kò lè gba òmíràn mọ́ kì í dì àfi bó bá tutù dé −21°C. Lágbègbè Kolyma kan náà, ibi tí omi iyọ̀ ti dúró sí wà nínú ilẹ̀ dídì. Òtútù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi −10°C, iyọ̀ inú rẹ̀ ju ti òkun lọ ní ìlọ́po mélòó kan, kò sì dì. Ẹ wá rí i pé ẹni tí yóò gbé inú ilẹ̀ dídì kò lè sá fún iyọ̀. Ara tó gba òtútù gbọ́dọ̀ gba iyọ̀ pẹ̀lú.

Bí bakitéríà ṣe ń kojú iyọ̀ yìí ni pé ó ń kó àwọn èròjà kéékèèké jọ sínú ara rẹ̀, irú bíi ṣúgà tó ń jẹ́ trehalose àti èròjà mìíràn tó ń jẹ́ glycine betaine. Àwọn èròjà wọ̀nyí ń di omi mú nínú sẹ́ẹ̀lì, kí iyọ̀ ìta má baà fà á lọ, wọn kì í sì í dí iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ kódà bí wọ́n bá pọ̀ gan-an. Àwọn bakitéríà kan tún ń ṣe purotéènì tó ń lẹ̀ mọ́ ara yìnyín, tí kì í jẹ́ kí yìnyín kéékèèké para pọ̀ di ńlá.

Awọ tí kò gbọdọ̀ dì

Ẹ wo àdín nígbà ọyẹ́. Láàárọ̀, á ti dì sínú ìgò, a ó máa fi ṣíbí ha á tàbí kí a gbé e sínú oòrùn. Òróró ẹ̀pà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ kan náà kò dì. Ó ṣì ń ṣàn. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú bí ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù inú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀wọ̀n inú àdín gún gbọọrọ, nítorí náà wọ́n lè tò mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí. Ẹ̀wọ̀n inú òróró ẹ̀pà tẹ̀ níbi kan tàbí méjì, títẹ̀ yẹn ni kò sì jẹ́ kí wọ́n lè tò mọ́ra wọn.

Ọ̀rá ni a fi mọ awọ sẹ́ẹ̀lì bakitéríà náà. Bí awọ yìí bá dì bí àdín, oúnjẹ kò ní lè wọlé, ìdọ̀tí kò sì ní lè jáde. Nígbà tí òtútù bá dé, bakitéríà á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀wọ̀n ọ̀rá ara rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan ló ń ṣe iṣẹ́ títẹ̀ náà. Àwọn mìíràn ń gé ẹ̀wọ̀n náà kúrú, tàbí kí wọ́n mú kó yọ ẹ̀ka. Nínú Bacillus subtilis, purotéènì kan tó ń jẹ́ DesK ló jókòó sínú awọ yẹn gan-an, tó ń ṣọ́ bí awọ ṣe ń le sí, òun ló sì ń fún sẹ́ẹ̀lì láṣẹ pé kó tẹ ẹ̀wọ̀n. Bacillus subtilis yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa: òun ni olórí àwọn bakitéríà tó ń sọ igbá sísè di irú. Ọgbọ́n tí ará Sàìbéríà fi ń la òtútù já, díẹ̀ nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ bakitéríà inú irú wa.

Ẹ́ńsáìmù tó rọ̀

Bí ooru bá fi 10°C lọ sílẹ̀, iṣẹ́ kẹ́míkà inú sẹ́ẹ̀lì sábà máa ń falẹ̀ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Ẹ̀dá tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní 0°C gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ́ńsáìmù jẹ́ purotéènì tó ní láti máa ṣí, kó sì máa pa dé, bó ṣe ń mú iṣẹ́ lọ. Nínú òtútù, ẹ́ńsáìmù ara ènìyàn á le gbagidi, kò ní lè ṣí dáadáa. Ti bakitéríà inú ilẹ̀ dídì rọ̀ ní oríkèé. Àwọn ìdè tó so apá kan rẹ̀ mọ́ èkejì kò pọ̀, èròjà proline tó máa ń mú purotéènì le kò sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ rere ni Psychrobacter arcticus, tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ dídì Kolyma tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọdún 20,000 sí 30,000. Ó ń dàgbà láti −10°C títí dé 28°C. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka gbogbo DNA rẹ̀, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2010, wọ́n rí i pé proline àti arginine dín kù nínú ọ̀pọ̀ purotéènì tó ń lò láti dàgbà.

Rírọ̀ yìí ní ohun tó ń ná an. Ẹ́ńsáìmù tó rọ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́ bí ooru bá kàn án. Ẹ mú kókó yìí dání. Nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ìwúlò, ẹ ó rí i pé àléébù yìí ni àwọn oníṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ń wá.

Ayé tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́

Lọ́dún 2000, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Elizaveta Rivkina àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde àyẹ̀wò kan jáde. Wọ́n fi oúnjẹ tí wọ́n sàmì sí sínú erùpẹ̀ ilẹ̀ dídì, wọ́n sì ń wò ó bóyá bakitéríà ń jẹ ẹ́. Ní 5°C, nǹkan bí ọjọ́ kan ló ń gbà kí wọ́n di ìlọ́po méjì. Ní −10°C, ó di 20 ọjọ́. Ní −20°C, ó di nǹkan bí 160 ọjọ́. Ìlà ààlà kan ṣoṣo tí a lè sọ pé níhìn-ín ni ẹ̀mí ti dúró kò sí níbẹ̀. Ńṣe ni nǹkan ń falẹ̀ síwájú sí i.

Ṣùgbọ́n pípẹ́ nínú ilẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Àwọn èròjà inú òkúta àti erùpẹ̀ ń tan ìtànṣán díẹ̀díẹ̀, ìtànṣán yìí sì ń já DNA. Èèyàn lè rò pé bakitéríà tó bá ká ara rẹ̀ kò sínú èèpo líle, tó sùn fọnfọn, ni yóò pẹ́ jù láyé. Lọ́dún 2007, ìwádìí kan tí Sarah Stewart Johnson wà nídìí rẹ̀ fi òdìkejì hàn. Ẹni tó sùn kì í tún DNA rẹ̀ ṣe, nítorí náà DNA rẹ̀ á máa já títí kò fi ní wúlò mọ́. Àwọn tí kò sùn tán, tí wọ́n ń mí díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń lo agbára kékeré tí wọ́n ní láti fi tún DNA ṣe, àwọn ni ẹ̀rí wọn wà nínú erùpẹ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó ìdajì mílíọ̀nù ọdún. Fún èmi, kò sí àbájáde tó yani lẹ́nu tó èyí nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí.

Planococcus halocryophilus

Ní yunifásítì McGill ní Kánádà, Lyle Whyte, Nadia Mykytczuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ nǹkan bíi 200 ohun alààyè àìfojúrí láti ìhà àríwá Kánádà wò, láti mọ èyí tó lè fara da òtútù jù. Èyí tó borí, Planococcus halocryophilus, wá láti erékùṣù Ellesmere. Lọ́dún 2013 wọ́n ròyìn pé ó ń pín sí méjì ní −15°C, nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Nǹkan bí 50 ọjọ́ ni ìpínsíméjì kan ń gbà. Ní −25°C kò dàgbà mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mí. Bẹ́ẹ̀ ni bakitéríà yìí kan náà ń dàgbà ní 37°C, ìwọ̀n ooru ara ènìyàn.

Bí òtútù bá mú un, ara rẹ̀ a máa yí padà lójú ẹ̀rọ amóhun-kékeré-tóbi. Èèpo gbàgìgbàgì kan á hù bo sẹ́ẹ̀lì náà, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe àlejò?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n á béèrè pé: báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé bakitéríà náà kò wá láti ara ìbọ̀wọ́ ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi, omi tàbí ẹrọ̀fọ̀ ni wọ́n fi ń tu ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ lára; nínú iṣẹ́ yìí, gbígbẹ ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, kí omi má baà gbé kòkòrò òkè wọlé. Wọ́n á gbé ọ̀pá erùpẹ̀ náà jáde ní dídì, wọ́n á sì gbé e lọ ní dídì. Nínú yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á gé ara rẹ̀ dànù, àárín rẹ̀ nìkan ni wọ́n á lò.

Ẹgbẹ́ kan láti yunifásítì McMaster ní Kánádà tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí erùpẹ̀ tí ó ti wà fún 30,000 ọdún lágbègbè Dawson ní Yukon. Wọ́n fi bakitéríà tí wọ́n ti fi DNA ẹ̀dá òkun jellyfish tó ń tàn sí nínú pa ara ọ̀pá erùpẹ̀ náà. Bí wọ́n bá rí DNA yẹn ní àárín, a jẹ́ pé nǹkan ti wọlé láti ìta, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìwúlò

Ẹ́ńsáìmù ni ìwúlò tó ti délẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú iná tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ń jẹ, omi gbígbóná ló ń bá lọ. Ẹ́ńsáìmù tó lè jẹ epo àti ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aṣọ nínú omi tí a kò gbé kaná á dín ìnáwó yìí kù, irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ sì ti wà lọ́jà. Ó bá àwa náà mu, nítorí omi tí a kò gbé kaná ni púpọ̀ nínú wa fi ń fọṣọ.

Wàrà náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni inú wọn kì í gba ṣúgà inú wàrà, tó ń jẹ́ lactose. Wọ́n á mu ún, inú á máa kùn, á sì máa run wọ́n. Ẹ́ńsáìmù tó ń gé ṣúgà yìí ni ara wọn kò ṣe tó. Àwọn onímọ̀ ti rí irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ lára bakitéríà Antarctica, Pseudoalteromonas haloplanktis, tó lè gé ṣúgà náà nínú wàrà tó wà nínú fìríìjì, láìsí pé a ń gbé wàrà kaná tí yóò sì fi kan.

A wá dé orí àléébù tí mo ní kí ẹ mú dání. Àwọn tó ń gé DNA, tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò, máa ń lo ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ phosphatase kí DNA má baà lẹ̀ padà mọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ kúrò lọ́nà. Èyí tí wọ́n ń mú láti inú ìfun ọmọ màlúù lágídí, ooru kì í tètè pa á. Èyí tó wá láti ara bakitéríà Antarctica, ooru ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti bà á jẹ́. Wọ́n ń tà á káàkiri àgbáyé.

Ìwúlò kejì ni ìtọ́jú ilẹ̀ tí epo dà sí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, àgbá ńlá kan fọ́ ní Norilsk ní Rọ́ṣíà, ó sì da ohun tó lé ní 20,000 tọ́ọ̀nù epo dísù sílẹ̀ àti sínú odò. Kíkó erùpẹ̀ irú ibẹ̀ lọ síbòmíràn ṣòro, owó rẹ̀ sì pọ̀. Bakitéríà tó lè jẹ epo nínú òtútù wà: Rhodococcus Q15, tí ẹgbẹ́ Whyte ròyìn lọ́dún 1998, ń jẹ dísù nítòsí 0°C. Ọ̀nà tó dára jù ni kí a fún bakitéríà tó ti wà nínú ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ ní ajílẹ̀ àti afẹ́fẹ́, kí wọ́n lè jẹun yó, dípò kí a gbé àjèjì wá. Ní Antarctica, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè kò gba kí ẹnikẹ́ni gbé bakitéríà àjèjì wọ ibẹ̀.

Ní ti oògùn tuntun láti inú ilẹ̀ dídì, ìrètí ni, èmi kò ní kà á mọ́ ìwúlò lónìí.

Bí ilẹ̀ bá yọ́

Kábọ́ọ̀nù tó wà nínú àwọn ilẹ̀ dídì àríwá tó nǹkan bíi 1,500 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ ayé. Òkú ewéko àti ẹranko ni, tí òtútù kò jẹ́ kí ó jẹrà. Bí ayé ṣe ń gbóná, bakitéríà tó ń jẹun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ kíákíá, á sì máa tú kábọ́ọ̀nù-dáọ́sáìdì jáde. Níbi tí omi bá dúró sí, tí afẹ́fẹ́ kò dé, àwọn ohun alààyè mìíràn á máa tú gáàsì mẹtéènì jáde.

Ẹgbẹ́ McMaster tí a sọ̀rọ̀ wọn lókè tún rí ohun mìíràn nínú erùpẹ̀ Yukon náà: DNA tó ń jẹ́ kí bakitéríà borí oògùn irú ti pẹnisílíìnì, tetracycline àti vancomycin. Wọ́n ròyìn rẹ̀ lọ́dún 2011. Ọgbọ́n bíborí oògùn ti wà láàárín bakitéríà ní ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún kí dókítà kankan tó kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni. Èyí kò sọ pé kí a máa lo oògùn bó ṣe wù wá. Bí a bá ṣe ń lò ó nílòkulò tó, bẹ́ẹ̀ ni irú DNA bẹ́ẹ̀ á máa tàn kálẹ̀ tó.

Ẹ má sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lọ́dún 2016, àrùn anthrax bẹ́ sílẹ̀ ní Yamal ní Sàìbéríà. Ọmọdé kan kú, ohun tó lé ní 2,000 àgbọ̀nrín òtútù sì kú. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ilẹ̀ tó yọ́ ló tú àrùn náà síta láti ibi tí òkú ẹran ti wà. Bacillus anthracis kì í ṣe bakitéríà afẹ́-òtútù. Ó sùn sínú èèpo líle ni, ó ń dúró de ẹran ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná. Àwọn afẹ́-òtútù gidi kò lè dàgbà nínú ara ènìyàn, nítorí ooru ara wa ti pọ̀ jù fún wọn.

Ìbéèrè àti iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ló dé tí afaradà-òtútù fi pọ̀ ju afẹ́-òtútù lọ nínú ilẹ̀ dídì?

2. Ẹnì kan sọ pé òun ti fi fìrísà pa gbogbo bakitéríà inú ẹja òun. Ẹ ṣàlàyé ibi tó ti ṣìnà.

3. Kí nìdí tí bakitéríà tó ń mí díẹ̀díẹ̀ fi lè pẹ́ láyé ju èyí tó sùn fọnfọn lọ?

4. Ẹ bu àdín díẹ̀ sínú ìgò kan, òróró ẹ̀pà sínú ìgò kejì, kí ẹ gbé méjèèjì sínú fìríìjì. Ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun tí ẹ kọ ṣàlàyé ohun tí Bacillus subtilis ń ṣe sí awọ ara rẹ̀ bí òtútù bá dé.